Sójà wo nìyí? Bí ẹ ṣe lè wá orúkọ fún ọmọ ogun inú fọ́tò àtijọ́

Kò sí oṣù kan tí ẹnì kan kì í fi irú fọ́tò yìí ránṣẹ́ sí mi. Pépà rẹ̀ á ti pọ́n bí ewé kòkó gbígbẹ, ọ̀dọ́kùnrin kan á dúró ṣánṣán nínú ṣòkòtò péńpé, á ká etí fìlà rẹ̀ kan sókè. "Ẹ jọ̀ọ́, wọ́n ní bàbá àgbà wa lọ Bọ́mà nígbà ogun Hítílà. Ṣé òun nìyí? Tí kì í bá ṣe òun, ta ni?" Ẹni tí ì bá dáhùn ti wọ káà ilẹ̀ lọ tipẹ́tipẹ́.

Ìdáhùn tí mo máa ń fi ohùn ka sórí WhatsApp fún oníkálukú ni mo wá kọ sílẹ̀ síbí. Tí ẹ bá máa mú ohun kan ṣoṣo níbẹ̀, ẹ mú èyí: ojú sójà náà ni kí ẹ wò kẹ́yìn. Ẹni tó bá fi ojú bẹ̀rẹ̀ á rí bàbá àgbà rẹ̀ lára gbogbo ẹni tó gúnmú. Ohun tí wọ́n rán mọ́ aṣọ àti ohun tó wà lẹ́yìn fọ́tò ni kí ẹ kọ́kọ́ bi léèrè. Àwọn ló máa sọ ìgbà tí wọ́n ya fọ́tò náà àti irú ẹgbẹ́ ogun tí ọ̀gbẹ́ni náà wà. Ìgbà tí ẹ bá mọ ìyẹn tán, ẹgbẹ̀rún lọ́nà ọgọ́rùn-ún èèyàn á ti dín kù sí ìwọ̀nba tí ẹ lè máa wá orúkọ wọn.

Sójà tí ìjọba Brítéènì kó láti Nàìjíríà lọ sógun láàárín 1939 sí 1946 ni mo fi ṣe àpẹẹrẹ, torí àwọn ló pọ̀ jù nínú àpótí ìdílé wa. Ẹ̀yin ará Kétu, Sábẹ̀ẹ̀ àti Pobè, tí bàbá yín bá bá àwọn Faransé jà, mo fi ibì kan sílẹ̀ fún yín nísàlẹ̀.

## Kí ẹ tó wá ohunkóhun: ẹ má ba fọ́tò jẹ́

1. Ẹ fọ ọwọ́, ẹ jẹ́ kó gbẹ, etí fọ́tò nìkan ni kí ẹ máa dì mú. Ẹ má fi aṣọ tútù nù ún. Ẹ má sì fi itọ́ nù ún (mo ti rí i, ẹ má rẹ́rìn-ín).
2. Tó bá wà nínú álíbọ́ọ̀mù, ẹ kọ́kọ́ ya odindi ojú ìwé náà bó ṣe wà, pẹ̀lú àwọn fọ́tò tó yí i ká. Àwọn tí wọ́n jọ wà lójú ìwé kan sábà máa ń jọ ní nǹkan í ṣe.
3. Tí wọ́n bá fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ ẹ́, ẹ fi í sílẹ̀. Ẹnì kan fi ọ̀bẹ yọ tiwọn, ẹ̀yìn fọ́tò náà sì kù sára páálí pẹ̀lú gbogbo ohun tí wọ́n kọ síbẹ̀.
4. Ẹ fi scanner ṣe ẹ̀dà rẹ̀, tojú-tẹ̀yìn, ní 600 dpi ó kéré tán. Tí kò bá ju fọ́tò páásípọ́ọ̀tù lọ, ẹ jẹ́ kó tó 1200. Aláwọ̀ ni kí ẹ fi ṣe é bí fọ́tò náà tilẹ̀ jẹ́ dúdú àti funfun, kí àmì omi àti yíǹkì tó ti ṣá lè hàn.
5. Tí kò bá sí scanner, ẹ gbé e sẹ́bàá fèrèsé lọ́sàn-án, níbi tí oòrùn kò ti ràn tààrà. Ẹ pa fláàṣì fóònù, kí fóònù sì dúró déédéé lókè rẹ̀, kó má dà sẹ́gbẹ̀ẹ́.
6. Tí ẹ bá ń fi ránṣẹ́ lórí WhatsApp, ẹ fi í ránṣẹ́ gẹ́gẹ́ bíi document. Tí ẹ bá fi ránṣẹ́ bíi fọ́tò lásán, WhatsApp á fún un mọ́lẹ̀, ohun tó wà lápá sójà náà á sì di àbàwọ́n.

Ìkìlọ̀ méjì. Ẹ má ṣe laminate fọ́tò àtijọ́. Oníṣẹ́ fọ́tò kan ládùúgbò wa bá mi ṣe ọ̀kan "kó lè pẹ́." Ooru ẹ̀rọ náà mú un ká kò, kò sì sí ọ̀nà láti yọ ọ́ mọ́.

Èkejì, àwọn ẹ̀rọ orí fóònù tó ń sọ fọ́tò àtijọ́ di tuntun tàbí tó ń kùn ún láwọ̀: ẹ má fi èyí tí wọ́n bá gbé jáde ṣe ìwádìí. Ẹ̀rọ náà kò mọ ohun tó wà níbẹ̀, ṣe ló ń hun ún. Á fún sójà yín ní ojú tí kì í ṣe tirẹ̀, á sì sọ àmì tó wà lápá rẹ̀ di òdòdó. Ẹ lè fi gbé sára ògiri. Ẹ̀dà tí scanner gbé jáde ni kí ẹ fi ṣiṣẹ́.

## Ẹ yí i padà: ẹ̀yìn fọ́tò

Ìdajì àwọn tó ń fi fọ́tò ránṣẹ́ sí mi kò wo ẹ̀yìn rẹ̀ rí. Ohun tí ẹ máa wá nìwọ̀nyí:

- Òǹtẹ̀ ayàwòrán. Tí ẹ bá rí orúkọ Calcutta tàbí Bombay, a ti rí ibi dúró. Oṣù Kẹjọ 1943 ni 81st Division, ọ̀kan nínú ẹgbẹ́ ogun ńlá méjì tó ti Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà lọ Bọ́mà, bẹ̀rẹ̀ sí í gúnlẹ̀ sí Íńdíà, 82nd sì tẹ̀ lé e. Ní 1946, àwọn sójà wa ti ń padà sílé. Àwọn ọdún mélòó kan yẹn nìkan ni ọmọ Ìṣẹ́yìn lè fi wọ ṣọ́ọ̀bù ayàwòrán ní Calcutta.
- Nọ́ńbà tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú SE tàbí IND. Fọ́tò tí ayàwòrán ìjọba yà ní ojú ogun nìyẹn. Ẹ̀dà rẹ̀ ṣeé ṣe kó wà ní Imperial War Museum ní Lọ́ńdọ̀nù, pẹ̀lú àkọlé rẹ̀. Ẹ tẹ nọ́ńbà náà sínú ibi ìwárí wọn lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ọ̀fẹ́ ni.
- Nọ́ńbà tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú NA/. Ẹ jó! Nọ́ńbà sójà ọmọ Nàìjíríà nìyẹn. Ti Gold Coast (Gánà òde òní) ń bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú GC/. Nọ́ńbà yìí sàn ju orúkọ lọ, torí akọ̀wé lè ṣi orúkọ kọ lọ́nà mẹ́wàá, àmọ́ ẹnì kan ló ni nọ́ńbà kan.
- Ìkọ̀wé. Ẹ wo ohun tí wọ́n fi kọ ọ́. Bírò kò tíì di nǹkan tọ́wọ́ gbogbo èèyàn ń tó nígbà ogun náà, nítorí náà orúkọ tí wọ́n fi bírò kọ, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ ọmọ tàbí ọmọ ọmọ ló kọ ọ́ lẹ́yìn ogún ọdún. Kò túmọ̀ sí pé irọ́ ni. Ẹ̀rí ẹni tó gbọ́ ni, kì í ṣe ti ẹni tó wà níbẹ̀.

Tí pẹ́ńsù bá ti parẹ́, ẹ tan tọ́ọ̀ṣì láti ẹ̀gbẹ́, kí iná náà máa rá lórí pépà. Ipa tí ẹnu pẹ́ńsù tẹ̀ á ṣú díẹ̀, ẹ ó sì lè kà á.

## Ṣé fọ́tò náà kò yí?

Ìṣẹ́jú kan péré lèyí máa gbà, àmọ́ ó ti kó ọ̀pọ̀ èèyàn sí wàhálà. Tí ayàwòrán bá gbé fíìmù sódì, ọwọ́ òsì á di ọ̀tún. Ẹ wo bọ́tìnnì: aṣọ ọkùnrin, apá òsì rẹ̀ ló máa ń borí ọ̀tún. Ẹ wo mẹ́dà àti rìbọ́ọ̀nù: àyà òsì ni wọ́n máa ń wà. Ẹ wo lẹ́tà èyíkéyìí tó bá hàn. Tí gbogbo rẹ̀ bá wà lódì, ẹ fi kọ̀ǹpútà yí i padà, kí ẹ sì kọ ọ́ sílẹ̀ pé ẹ yí i.

## Láti orí dé àtẹ́lẹsẹ̀: ẹ ka aṣọ náà bí ìwé

Ẹ wá awò táwọn tó ń tún aago ṣe máa ń fi sójú, tàbí kí ẹ fẹ ẹ̀dà náà lójú kọ̀ǹpútà. Ẹ máa kọ ohun tí ẹ rí, kì í ṣe ohun tí ẹ rò.

1. Fìlà. Fìlà gbẹ̀gẹ̀dẹ̀ tí wọ́n ká etí kan rẹ̀ sókè ni àwọn sójà wa dé ní Bọ́mà. Fìlà kékeré roboto tórí rẹ̀ pẹrẹsẹ bí ìdérí agolo jẹ́ ti ilé: bárékè, ìtòlọ́wọ̀ọ́wọ́, tàbí ogun 1914 sí 1918. Ẹ wá igi ọ̀pẹ lára fìlà tàbí bọ́tìnnì. Ọ̀pẹ ni àmì Royal West African Frontier Force, ìyẹn ẹgbẹ́ ogun tó kó Nàìjíríà, Gold Coast, Sierra Leone àti Gambia pọ̀. Nítorí náà ọ̀pẹ nìkan kò sọ pé ọmọ Nàìjíríà ni.

2. Òkè apá. Ibi tó lọ́rọ̀ jù lọ nìyí, ẹ pẹ́ níbẹ̀.

- *Aláǹtakùn*: 81st (West African) Division. Dúdú ni lórí àwọ̀ ìyeyè. Bí àwa ṣe ní Ìjàpá ni àwọn Àkán ní Anansi aláǹtakùn, ọ̀dọ̀ wọn sì ni àmì náà ti wá. Orí rẹ̀ máa ń dojú kọ ilẹ̀, kó lè kọjú sí ọ̀tá nígbà tí sójà bá na apá rẹ̀ láti yìnbọn. Ẹ má rò pé wọ́n rán an sódì.
- *Ọ̀kọ̀ méjì tó gbé ara wọn kọjá lórí òṣùká*: 82nd (West African) Division. Ọ̀pọ̀ máa ń pè é ní àgbélébùú. Òṣùká ni o, òṣùká tí ìyá yín fi ń ru omi, torí orí ni wọ́n fi ru ẹrù ogun gba inú igbó yẹn kọjá.
- *Orí àgbáńréré*: 11th (East Africa) Division. Àwọn náà wà ní Bọ́mà, dúdú bíi tiwa ni wọ́n, fìlà wọn sì jọra. Ará Kenya, Uganda, Tanganyika (Tanzania òde òní) àti Nyasaland (Malawi òde òní) ni wọ́n. Ẹ dá fọ́tò náà padà fún ẹni tó ni ín.

Aláǹtakùn pẹ̀lú sójà Nàìjíríà lè mú yín dé bátàlíọ̀n 4th nínú 6th Brigade tó jà ní àfonífojì Kaladan ní Bọ́mà, tàbí 6th, 7th àti 12th nínú 3rd Brigade tí wọ́n fún Wingate, ọ̀gágun Brítéènì, ní 1944, àwọn tí wọ́n ń pè ní Chindits. Ọ̀kọ̀ àti òṣùká á mú yín dé 1st, 2nd àti 3rd, tàbí 5th, 9th àti 10th. Bátàlíọ̀n mẹ́wàá péré lẹ ń bá yí báyìí, yàtọ̀ sí àwọn oníṣègùn, awakọ̀ àti àwọn tó ń yin ìbọn ńlá.

3. Okùn apá, tí ọ̀pọ̀ ń pè ní rópù. Ọ̀kan, lánsì kọ́púrà. Méjì, kọ́púrà. Mẹ́ta, sájẹ́ǹtì. Ti Brítéènì, ẹnu rẹ̀ kọjú sílẹ̀. Tí ẹnu rẹ̀ bá kọjú sókè, sójà Amẹ́ríkà aláwọ̀ dúdú lẹ mú, irú fọ́tò bẹ́ẹ̀ sì pọ̀ lórí Facebook tí wọ́n kọ "ọmọ Bọ́mà" sí. Tí ẹ bá rí ìràwọ̀ lórí èjìká ọmọ Nàìjíríà, ẹ fura: ìràwọ̀ ọ́físà ni. Seth Anthony ti Gold Coast ni aláwọ̀ dúdú tí wọ́n kọ́kọ́ fi jẹ ọ́físà nínú ẹgbẹ́ ogun yìí, ní 1942. Ti àwọn ọmọ Nàìjíríà di ẹ̀yìn ogun; Ademulegun ọmọ Òǹdó, 1949 ló gba tirẹ̀.

4. Adé. Èyí ló kọ́ mi lọ́gbọ́n. Nínú àpótí ìyá mi, fọ́tò kan wà tí gbogbo ilé ń pè ní "Bàbá Àgbà ní Bọ́mà." A ti fi ṣe káàdì òkú, a ti fi ṣe kàléńdà. Lọ́jọ́ kan mo gbé awò sí apá rẹ̀. Okùn mẹ́ta, adé kékeré lórí wọn, kò tóbi ju èékánná ọmọdé lọ. Adé ti ọba ọkùnrin tó wà lórí ìtẹ́ nígbà ogun máa ń ga roboto lókè bí igbá tí wọ́n da ojú rẹ̀ dé. Adé ti Queen Elizabeth, tó bẹ̀rẹ̀ láti 1953, tẹ̀ wọnú láàárín, èjìká méjì sì yọ lẹ́gbẹ̀ẹ́. Èyí tí mo ń wò tẹ̀ wọnú. Bẹ́ẹ̀ 1946 ni Bàbá Àgbà bọ́ṣọ sójà sílẹ̀! Àbúrò rẹ̀ ni, ẹni tó dúró sẹ́nu iṣẹ́ ní Kàdúná. Ojú wọn jọra bí ọ̀pẹ méjì, àmọ́ adé kò jọra. Ìyá mi kò bá mi sọ̀rọ̀ fún ọ̀sẹ̀ kan.

Láti 1963 tí Nàìjíríà ti di olómìnira tí kò sí lábẹ́ ọba òyìnbó mọ́, idì ló gbapò adé. Tí ẹ bá rí idì, ẹ gbàgbé Hítílà. Ogun Bìáfírà, 1967 sí 1970, lẹ ń wò, tàbí ìgbà tó yí i ká.

5. Àyà: rìbọ́ọ̀nù àti mẹ́dà. Mẹ́dà Burma Star jẹ́ ìràwọ̀ olórí mẹ́fà. Rìbọ́ọ̀nù rẹ̀ ní pupa fífẹ̀ láàárín, àwọ̀ aró dúdú lẹ́gbẹ̀ẹ́ méjèèjì, ìlà ọsàn tẹ́ẹ́rẹ́ sì wà nínú aró kọ̀ọ̀kan. Oṣù Karùn-ún 1945 ni wọ́n dá a sílẹ̀. Fọ́tò tó bá ní in kò lè ṣáájú ìgbà yẹn, bó ti wù kí ẹ̀yìn fọ́tò náà sọ. Africa Star lè fi hàn pé ó wà lára àwọn tó lọ sí Somalia àti Ethiopia ní 1940 sí 1941, àwọn tó wọ Mogadishu ní oṣù Kejì 1941.

Ẹ ṣọ́ra fún àwọ̀ nínú fọ́tò dúdú àti funfun. Àwọn fíìmù àtijọ́ kan máa ń sọ pupa di dúdú, wọ́n á sì sọ aró di funfun. Bí ìlà náà ṣe tò ni kí ẹ kà, ẹ má wo bó ṣe ṣú tó.

Tí mẹ́dà fúnra rẹ̀ bá ṣì wà nílé, ẹ wo etí rẹ̀. Mẹ́dà ogun 1914 sí 1918 sábà máa ń ní nọ́ńbà àti orúkọ létí. Ti ogun kejì, ẹ má retí rẹ̀.

6. Ìbàdí dé ẹsẹ̀. Mi ò pẹ́ níbí. Bàtà ńlá tó ga dé kókósẹ̀ bá Bọ́mà mu; ẹsẹ̀ lásán kò yani lẹ́nu ṣáájú ogun náà. Pé kò gbé ìbọn kò sọ pé kì í ṣe sójà: Isaac Fadoyebo láti Emure-Ile lẹ́bàá Ọ̀wọ̀, tó wọṣẹ́ ní 1942 lọ́mọ ọdún 16, iṣẹ́ ìtọ́jú aláìsàn ló ń ṣe nígbà tí ìbọn bà á ní Kaladan ní oṣù Kẹta 1944. Àwọn ará abúlé ló fi í pa mọ́ títí wọ́n fi rí i ní oṣù Kejìlá.

## Ẹ wá wo ojú: ilà

Nígbà tí ẹ bá ti parí aṣọ, ojú lè sọ̀rọ̀ wàyí, torí ti àwa Yorùbá, wọ́n ti kọ nǹkan sójú náà.

- Ìlà ìbú mẹ́ta tàbí mẹ́rin lẹ́rẹ̀kẹ́ kọ̀ọ̀kan: àbàjà, ẹ wo ọ̀nà Ọ̀yọ́.
- Ìlà òòró kúkúrú mẹ́ta: pélé. Ó kárí ibi púpọ̀, kò lè dá ìlú kan mọ̀.
- Ìlà òòró gígùn kan ṣoṣo lẹ́rẹ̀kẹ́ kọ̀ọ̀kan: Òǹdó.
- Ìlà kan tó dábùú láti egungun imú wá sí ẹ̀rẹ̀kẹ́ kan: bàmú. Ẹ rántí ohun tí mo sọ nípa fọ́tò tó yí. Bàmú tó bá wà lódìkejì ibi tí àwọn àgbà rántí lè jẹ́ àṣìṣe fíìmù.

Àmọ́ ìdílé ni ilà ń sọ, kò sọ ibi tí wọ́n bí èèyàn sí. Ọmọ Ọ̀yọ́ pọ̀ ní Ìbàdàn, ní Òṣogbo, ní Èkó. Àwọn ayàwòrán ìgbà náà sì máa ń fi pẹ́ńsù ra ojú èèyàn lórí fíìmù kó lè dán, wọ́n á sì pa ilà tí kò jìn rẹ́. Tí ẹ kò bá rí ilà, ẹ má kọ "kò kọlà." Ẹ kọ "ilà kò hàn."

## Bí ẹ ṣe máa bi àwọn àgbà léèrè

Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ jù ni kí ẹ gbé fọ́tò síwájú ìyá àgbà, kí ẹ ní, "Mọ́mì, ṣé Bàbá Àlàbí kọ́ nìyí?" Á ní òun ni. Kò fẹ́ já yín kulẹ̀. Ọ̀nà tí mo ń gbà rèé:

1. Kí ẹ tó mú fọ́tò jáde, ẹ béèrè: "Àwọn wo ló lọ sójà nínú agbolé yìí?" Ẹ kọ gbogbo orúkọ, oríkì àti ìnagijẹ. "Bọ́mà", "Kọ́púrà" àti "Bàbá Sójà" jẹ́ ìnagijẹ tí ọ̀pọ̀ gbé dé sàréè.
2. Ẹ fi fọ́tò náà sáàárín fọ́tò mẹ́ta mìíràn. Ẹ ní kí wọ́n sọ àwọn tí wọ́n mọ̀. Ẹ pa ẹnu mọ́.
3. Ẹ bi ẹni méjì lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, kì í ṣe lójúkojú ara wọn. Tí wọ́n bá jọ jókòó, ọ̀rọ̀ àgbà jù lọ ni gbogbo wọn máa sọ.
4. Ẹ béèrè ohun tí fọ́tò lè jẹ́rìí sí: ṣé ó ga? Ṣé alọ́wọ́-òsì ni? Ṣé àpá wà níbì kan?
5. Tí wọ́n bá dárúkọ ibì kan, ẹ bi í síwájú. "Ó wà ní Arakan" lè jẹ́ ilẹ̀ Bọ́mà, ó sì lè jẹ́ bárékè Arakan ní Àpápá. Bẹ́ẹ̀ náà ni Dodan tó wà ní Ìkòyí àti Letmauk ní Mọ́kọ́lá, Ìbàdàn: orúkọ ibi tí wọ́n ti jà ni wọ́n fi sọ bárékè wọ̀nyẹn. Mo ti fi oṣù méjì lé ọkùnrin kan kiri Bọ́mà nítorí ọ̀rọ̀ báyìí. Àpápá ló wà.

Ẹ tún ní kí wọ́n jẹ́ kí ẹ wo inú àpótí: ìwé ìdásílẹ̀ iṣẹ́ ogun, ìwé owó oṣù, páálí kékeré tí mẹ́dà wà nínú rẹ̀. Ìwé ìdásílẹ̀ ló máa ń ní nọ́ńbà NA/.

## Wíwá orúkọ nínú ìwé

Tó bá kú sógun: ibi ìwárí Commonwealth War Graves Commission lórí íntánẹ́ẹ̀tì ni kí ẹ kọ́kọ́ dé. Ọ̀fẹ́ ni. Àwọn tó kú láàárín 3 oṣù Kẹsàn-án 1939 sí 31 oṣù Kejìlá 1947 ló wà níbẹ̀ fún ogun kejì. Ọ̀pọ̀ ọmọ wa tí kò ní sàréè, orúkọ wọn wà lára òpó Rangoon Memorial ní Taukkyan, níbi tí orúkọ tó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 27,000 wà. Ẹ má wá Nigeria Regiment nìkan. Ẹ wá West African Army Medical Corps, West African Engineers àti West African Army Service Corps pẹ̀lú.

Tó bá padà wálé: iṣẹ́ pọ̀ díẹ̀. Ní National Archives ní Kew, Lọ́ńdọ̀nù, ìwé tí bátàlíọ̀n kọ̀ọ̀kan fi ń kọ ìṣẹ̀lẹ̀ ojoojúmọ́ rẹ̀ sílẹ̀ wà. Nọ́ńbà fáìlì wọn nìwọ̀nyí: WO 172 fún Bọ́mà àti Íńdíà, WO 169 fún East Africa, WO 173 fún West Africa fúnra rẹ̀. Ẹ má retí orúkọ gbogbo sójà nínú wọn. Òyìnbó ọ́físà ni wọ́n ń dárúkọ jù. Ibi tí bátàlíọ̀n náà wà lọ́jọ́ kan ni ẹ máa rí, ìyẹn sì ṣeé fi wé òǹtẹ̀ ẹ̀yìn fọ́tò. Tó bá gba mẹ́dà akínkanjú bíi Military Medal, ẹ wá a ní WO 373, wọ́n á ti sọ ohun tó ṣe. Nílé níbí, National Archives tó wà nínú Yunifásítì Ìbàdàn ní fáìlì ìjọba amúnisìn, ẹ sì ka West African Pilot àti Daily Times ìgbà náà níbẹ̀.

Orúkọ á da yín láàmú. Akọ̀wé tó kọ ọ́ kò gbọ́ Yorùbá. Ẹ wá orúkọ kan lọ́nà mẹ́rin tàbí márùn-ún:

- Ẹ yọ G kúrò nínú GB: Gbádégẹṣin lè di Badegeshin.
- Ẹ fi SH rọ́pò Ṣ, kí ẹ tún fi S lásán wá a: Shoyemi, Soyemi.
- Ẹ gé e sí méjì: Oye Wole.
- Orúkọ ìlú lè di orúkọ bàbá: Akanni Ogbomosho, Lawani Ibadan. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe ń kọ ọ̀pọ̀ sílẹ̀ lọ́jọ́ tí wọ́n wọṣẹ́.
- Ẹ wá orúkọ Mùsùlùmí tó jọra: Lawal, Lawani, Salami, Salau.
- Ẹ wá oríkì tàbí orúkọ kejì. Àwọn mìíràn sá kúrò nílé wọṣẹ́, wọn kò sì fún akọ̀wé lórúkọ tí bàbá wọn mọ̀.

## Tó bá jẹ́ sójà Faransé

Fìlà gíga pupa láìsí etí (ó máa ń ṣú nínú fọ́tò) ni àmì *tirailleur*, ẹgbẹ́ ogun tí Faransé kó láti Dahomey (Benin òde òní) àti àwọn ilẹ̀ rẹ̀ yòókù. Wọ́n á pè wọ́n ní "Senegal" bí wọn kò tilẹ̀ dé Senegal rí. Fún ẹni tó kú, ẹ wá Mémoire des Hommes, ibi ìwárí ọ̀fẹ́ ti ilé iṣẹ́ ogun Faransé. Fún fáìlì ẹni tó yè, ìlú Pau ní Faransé ni wọ́n ń kó ìwé òṣìṣẹ́ ológun sí, ẹ kọ lẹ́tà sí wọn ní èdè Faransé. Ẹ kọ Ṣ bíi CH: Chabi ni Ṣàbí.

## Kí ẹ tó ní "òun ni"

Mo máa ń béèrè ohun mẹ́ta. Ṣé aṣọ náà bá ọdún tí wọ́n ní ó ṣiṣẹ́ mu? Ṣé ọjọ́ orí rẹ̀ nínú fọ́tò bá ọdún yẹn mu (kí ẹ rántí pé ọ̀pọ̀ ọmọdé purọ́ ọjọ́ orí)? Ṣé ẹ̀rí kan wà tí kò ti ẹnu ìdílé wá? Tí ìkẹta kò bá sí, ẹ fi "ó ṣeé ṣe" síwájú orúkọ náà.

Ẹ tún fi Google Lens wá fọ́tò náà. Àwọn ìdílé kan ti fi fọ́tò tí wọ́n gé nínú ìwé ìròyìn kọ́ ògiri fún ogójì ọdún, tí wọ́n ń pè é ní bàbá wọn.

Fọ́tò ọjọ́ ìrántí àwọn ológun pẹ̀lú máa ń tan ni jẹ: 11 oṣù Kọkànlá ni wọ́n ń ṣe é tẹ́lẹ̀, lẹ́yìn ogun Bìáfírà ló di 15 oṣù Kìíní. Bàbá arúgbó tó fi Burma Star sáyà lábẹ́ oòrùn ọyẹ́ ní oṣù Kìíní, fọ́tò náà ti kọjá 1970.

## Bí ẹ ṣe máa kọ ohun tí ẹ rí sílẹ̀

Bí orúkọ jáde, bí kò jáde, ẹ kọ ọ́. Ọmọ yín lè rí ohun tí ẹ kò rí. Báyìí ni tèmi ṣe rí fún ọ̀kan tí mi ò tíì mọ orúkọ rẹ̀:

> Ó dájú: 81st Division (aláǹtakùn). Kọ́púrà. Òǹtẹ̀ Calcutta lẹ́yìn. Rìbọ́ọ̀nù Burma Star, nítorí náà oṣù Karùn-ún 1945 sí 1946.
> Ó ṣeé ṣe: ará agbolé wa, àbàjà mẹ́ta hàn lẹ́rẹ̀kẹ́ òsì, ọ̀tún kò hàn.
> Kò tíì dájú: orúkọ. Ẹni àkọ́kọ́ ní Àkànní, ẹnì kejì ní ọ̀rẹ́ Àkànní.
> Mo ti wá: orúkọ Akanni lọ́nà mẹ́fà láàárín àwọn tó kú, kò sí.

Inú ìwé tàbí kọ̀ǹpútà ni kí ẹ kọ gbogbo ìyẹn sí. Lẹ́yìn fọ́tò fúnra rẹ̀, nọ́ńbà kan péré tó: pẹ́ńsù rírọ̀, ẹ tẹ̀ ẹ́ fẹ́ẹ́rẹ́, létí pátápátá, níbi tí kò sí ojú ẹnikẹ́ni lódìkejì.